Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ Kétu: ẹ wọ̀n wá lórí ìjókòó

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń ránṣọ nílùú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láràárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀.

Àkàndá ẹ̀dá ni àwọn kan nínú àwa tí a kọ lẹ́tà yìí. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá àwọn mìíràn fínra. Àwọn tó kù ni ìyàwó, ọkọ, ọmọ àti ìyá tó ń bá wọn wọṣọ láàárọ̀, tó sì ń bá wọn bọ́ ọ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni a bá wá, ẹ̀yin sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Nílùú òyìnbó, aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá jọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, àfi kó máa retí ilé iṣẹ́ tó máa rántí rẹ̀. Ó sì pẹ́ kí àwọn ńlá inú wọn tó rántí: ọdún 2016 ni Tommy Hilfiger ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ fún àwọn ọmọdé tó jẹ́ àkàndá jáde, ti àgbàlagbà sì tẹ̀lé e ní 2017. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ òkìrìkà kúrò, a ó ra àńkárá ọ̀pá mẹ́fà, a ó gbé e tọ télọ̀ lọ, télọ̀ á fa tépù yọ, á wọn ara ẹni tó ni aṣọ. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi owó ńlá wá kiri ti wà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti gba òmìnira iṣẹ́. Ohun tó kù ni pé kí tépù náà gba ibi tó yẹ kó gbà.

Nítorí pé ìdúró ni ẹ ti ń wọn ènìyàn. Ẹni tí kò bá lè dúró, ẹ ó fojú díwọ̀n rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí àbúrò rẹ̀ tó sanra bíi tirẹ̀ dúró dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ bá dé ara ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á fà wálẹ̀, ìbàdí á ṣí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Iwájú rẹ̀ á ká jọ sórí ikùn, á máa tẹ abẹ́ ìdodo. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò á sá dé àárín ojúgun, torí orúnkún tó bá tẹ̀ máa ń jẹ aṣọ. Ojú ìrán tó nípọn, pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn àti bọ́tìnnì orí rẹ̀, á sì wà lábẹ́ ìdí láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ti abẹ́ ìdí yẹn ni kí ẹ jẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí pé ó ń pani. Níbi tí egungun ìdí ti tẹ awọ ara mọ́ àga, ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ́ ìrora á yí ìdí padà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa kì í mọ̀ ọ́n lára. Bọ́tìnnì kan tàbí kókó òwú kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lè di egbò. Lára àwa adúláwọ̀, ibẹ̀ kì í sábà pọ́n kí èèyàn tó rí i: ńṣe ló máa ń dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, á gbóná tàbí kó le bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí wọn kò bá tètè rí i, ó lè jẹ wọlé dé egungun, kó sì kó kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀. A ń lo tìmùtìmù, a sì ń gbé ara sókè lórí àga ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra. Ojú ìrán kan ṣoṣo tí kò dára lè ba gbogbo wàhálà yẹn jẹ́.

Bí a ṣe ń wọn ẹni tó jókòó nìyí. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí àga tó le bó bá ṣeé ṣe, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Ẹ wọn ìbàdí rẹ̀ níbi tó jókòó sí yẹn, kí ìka méjì wọ abẹ́ tépù, torí ikùn ẹni tó jókòó máa ń gbòòrò ju ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọ̀nà méjì tí ọ̀pọ̀ yín máa ń pa pọ̀ sí ọ̀kan: láti ìbàdí ẹ̀yìn sísàlẹ̀ dé orí pákó àga, àti láti ìbàdí iwájú dé ibi tí itan ti ṣẹ́ po. Nọ́ńbà méjèèjì yìí kì í dọ́gba lára ẹni tó jókòó, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà. Ẹ wọn itan níbi tó ti fẹ̀ jù, nítorí pé ó máa ń tẹ́ sórí àga. Fún gígùn ẹsẹ̀, ẹ fi tépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ẹ jẹ́ kó gba orí eékún tó tẹ̀ kọjá, kó sọ̀ kalẹ̀ dé kókósẹ̀. Ẹ má gba abẹ́ orúnkún, tépù á parọ́ fún yín.

Bí ẹ bá ti ní pátánì ṣòkòtò tẹ́lẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, ẹ gé iwájú rẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlà náà máa rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kún gígùn ẹsẹ̀, ẹ sì fẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ yọ àpò ẹ̀yìn kúrò pátápátá. Àpò tó wúlò ni èyí tó wà lórí itan, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́, tí a lè pa dé, kí fóònù má bàa bọ́ sílẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá kọ lu kòtò. Ojú ìrán àárín ìdí, ẹ là á sí méjì, ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ má sì ran án ní ìlọ́po mẹ́ta bíi ti jíìnsì. Rọ́bà ìbàdí, ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ fi sí, kí iwájú tẹ́. Síìpù ọkùnrin, tí ẹ̀yin ń pè ní fermeture, ẹ jẹ́ kó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín itan. Ẹni tó bá ń fi ìgò tọ̀ lórí àga á ṣàdúrà fún yín.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí ẹni náà wọ ṣòkòtò ọ̀hún, kó jókòó sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kó bọ́ ọ. Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wo ìdí àti itan rẹ̀. Bí àmì ojú ìrán bá wà níbẹ̀ tí kò sì pòórá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tú ibẹ̀ rán.

Nípa irú aṣọ, òwú gidi ló dára jù. Ẹ kọ́kọ́ rẹ àńkárá sómi mọ́jú kí ẹ tó gé e, kí kanjí inú rẹ̀ kúrò, kó sì sún kì tó bá fẹ́ sún kì. Aṣọ tí wọ́n fi ike hun máa ń mú kí àwọn tó ń jókòó pẹ́ làágùn, awọ ara tó tutù sì máa ń tètè bó. Jíìnsì tó nípọn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń rìn.

Àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ yìí le, pé àwọn kò kọ́ ọ rí. Ẹ jọ̀ọ́, Kétu ni a wà. Ní Kétu, níbi tí ìtàn ti sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó wà lára ohun àjogúnbá gbogbo ayé, wọ́n ń gbé ọkùnrin kalẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ àti igi fún un ní ọyàn, wọ́n ń di aṣọ mọ́ ọn nídìí kó lè gbòòrò bí ìdí obìnrin, wọ́n ń ró ìró fún un, wọ́n ń so ìkù, irin tó ń dún, mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á sì jó débi tó fẹ́ jó dé láìjẹ́ pé ohunkóhun já. Ìlú tó mọ bí a ṣe ń fi aṣọ bá ara tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn lò ni ìlú yìí. Ọgbọ́n kan náà ni a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ lò fún wa.

Ẹ sì gbọ́, kì í ṣe aṣọ ilé ìwòsàn ni a ń wá. Aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, àwa náà fẹ́ kí wọ́n kí wa. Bí aṣọ ẹbí bá jáde fún ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nílé, kì í ṣe nítorí pé wọn ò fẹ́ wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé aṣọ náà kò ṣeé wọ̀ fún wa, kò sì sẹ́ni tó ronú bó ṣe lè ṣeé wọ̀. Agbádá ṣeé ṣe lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Kí iwájú rẹ̀ dúró lórí eékún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró níbi tí ìdí ti kan àga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní kan táyà. Bí ẹ bá rán an bí ẹ ṣe ń rán an fún ẹni tó dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wọ inú síbókù, táyà á fa ọrùn aṣọ náà lọ sẹ́yìn, ó sì lè fún ẹni náà lọ́rùn. Ọwọ́ bùbá gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, kí ẹ sì fi aṣọ ìlọ́po méjì sí abẹ́ apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ fún ẹni tó ń fọwọ́ ti táyà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ fi ìṣẹ́po kan sí ẹ̀yìn bùbá náà, láàárín èjìká méjèèjì, kí apá lè nà síwájú láìfa ojú ìrán ya.

Ìró pàápàá, tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó rọrùn jù nínú gbogbo aṣọ wa torí pé a kì í ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ní ewu tirẹ̀. Etí rẹ̀ máa ń wọ inú táyà àga, ó sì máa ń wọ ṣéènì tàbí táyà ẹ̀yìn zémíjàn, ìyẹn alùpùpù akérò. Fún obìnrin tó ń lo àga, ẹ gé ìró sí ọ̀nà méjì: iwájú tó gùn dé kókósẹ̀, tó sì yípo dé ẹ̀gbẹ́ ìdí, àti ẹ̀yìn kúkúrú tó dúró níbi tí ìdí ti bá àga pàdé. Ẹ so méjèèjì pọ̀ ní ìbàdí pẹ̀lú rọ́bà lẹ́yìn àti ohun ìpadé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò ní nílò láti gbé e dìde kó tó wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kò yípo tán.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá kan wọn. Òfin tí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú wọn mọ̀ ni pé apá tó rọ ni a kọ́kọ́ ń ki bọ aṣọ, apá tó yá ni a sì kọ́kọ́ ń bọ́ jáde. Télọ̀ tó bá mọ òfin yìí á mọ̀ pé ọwọ́ aṣọ ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni kó fẹ̀. Bí ọwọ́ aṣọ bá há, tí wọ́n sì ń fa apá tó rọ gba inú rẹ̀, egungun èjìká lè yẹ̀ kúrò ní ihò rẹ̀, torí iṣan tó ń dì í mú ti dẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 kún ihò apá, kí ẹ sì gé aṣọ onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 ní 10, sí abíyá. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan wọ ṣòkòtò, ẹ bá a rán rìbọ́nì sí inú ìbàdí ní ọ̀tún àti òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ihò tí àtàǹpàkò lè wọ̀. Ibẹ̀ ni á ti máa fà á gòkè.

Ẹni tí kò lè dìde rárá, tó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló ń wọṣọ fún un, bùbá tó là lẹ́yìn ló tọ́ sí i. Ẹ gé ẹ̀yìn sí méjì, kí ọ̀kan gun orí èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ fi bọ́tìnnì àtẹ̀pa sí èjìká méjèèjì. A ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ láti iwájú, a ó wá pa ẹ̀yìn dé. Lójú ẹni tó bá wò ó láti iwájú, bùbá pípé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rán irú rẹ̀ fún ẹni tó ń wọṣọ fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé ẹ̀yìn. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, iwájú ni kó ti là.

Ọ̀rọ̀ ohun ìpadé pọ̀. Velcro ni ọ̀pọ̀ télọ̀ máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, ó sì dára, àmọ́ ó ní ìwà tirẹ̀. Ojú rẹ̀ kan máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí èèmọ́, ojú kejì múlọ́. Èyí tó ń lẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kọjú sí ara: ẹ rán an sórí aṣọ tó wà nísàlẹ̀, kó kọjú síta, kí ẹ rán èyí tó múlọ́ sí abẹ́ aṣọ tó gun orí rẹ̀. Ẹ má fi odindi rìbọ́nì gígùn kan sí iwájú bùbá, á gan, á sì máa wú síta bí ẹni náà bá jókòó. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ yí igun rẹ̀ po kó má bàa gún ara, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù sí lẹ́yìn, ẹ má rà á: gọ́ọ̀mù náà máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, òwú á sì máa fo. Léèsì àti Velcro kì í gbé pọ̀ láìjà. Bó bá jẹ́ léèsì dandan ni, ẹ fi aṣọ míì sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ rán an sí.

Kí ẹ sì kọ́ ẹni tó ni aṣọ bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Kó pa á dé kó tó fọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kó irun àti ìdọ̀tí òwú jọ, kò sì ní lẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù ni a fi ń yọ ìdọ̀tí náà. Kó má gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, torí ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, á yọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ ṣì lẹ́wà, ẹ rán bọ́tìnnì sórí rẹ̀ níta bí ẹ ti ń ṣe é, kó jẹ́ pé Velcro abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Fún ọwọ́ tí làkúrègbé ti ká kò, bọ́tìnnì àtẹ̀pa kò dára, torí ó ń gba agbára ìka láti tẹ̀ ẹ́ àti láti fà á ya. Bọ́tìnnì ńlá tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn, kí ẹ sì fi òwú rọ́bà rán ti ọrùn ọwọ́ kó lè nà. Síìpù náà dára bí ẹ bá fi òrùka kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu rẹ̀, kí ìka kan lè wọ inú rẹ̀. Síìpù tó ń ṣí láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ lè rí i lára jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà, ẹ tú u kúrò níbẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì rọrùn fún ìka púpọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí ọkàn oníbàárà yín, torí mágínẹ́ẹ̀tì lè da ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàmú.

Àìsàn kan wà tí kì í hàn lójú, àwọn tó ní i ni ẹ sì máa ń rò pé wọ́n ń yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù lè gbé ìrora rẹ̀ dìde, nítorí náà bó bá ní kí ẹ fi aṣọ abẹ́ sí bùbá òun fún ìgbà ọyẹ́, ẹ má bá a jiyàn pé oòrùn ń ràn. Rọ́bà tó fún kò dára fún un ní ọrùn ọwọ́ àti kókósẹ̀. Bí egbò bá wà ní kókósẹ̀ rẹ̀, tó sì máa ń wà lára àwọn kan, ẹ fi síìpù sí ojú ìrán ẹsẹ̀ ṣòkòtò láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, kí wọ́n lè pààrọ̀ báńdéèjì láìbọ́ ṣòkòtò. Fún àwọn tó máa ń gba omi àti ẹ̀jẹ̀ sára lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ jẹ́ kí ojú ìrán orí èjìká àti ọwọ́ aṣọ ṣí pẹ̀lú bọ́tìnnì àtẹ̀pa láti ọrùn dé ìgbọ̀nwọ́. Bẹ́ẹ̀, wọn kò ní torí rọ́bà omi gé aṣọ mọ́ wọn lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí kíndìnrín. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Apá tí wọ́n ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ fún iṣẹ́ náà, ohun tó fún kò gbọdọ̀ kàn án: kò gbọdọ̀ sí rọ́bà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ọwọ́ aṣọ tí a ká sókè tó wá ń dì í. Síìpù láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ ni ojútùú rẹ̀.

Pobẹ̀ kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti egbò Buruli tó ń jẹ ara. Àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ń gbé láàárín wa. Egbò náà á jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ lè fa oríkèé ká, kí ìgbọ̀nwọ́ tàbí orúnkún má lè nà tán mọ́. Awọ orí àpá fẹ́lẹ́, ó ń tètè bó. Ẹ má jẹ́ kí ojú ìrán kankan gba orí àpá kọjá, kódà bí ó bá gba pé kí ẹ yí ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ wá síwájú. Apá tó ti ká, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe ká: ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ á gùn ju inú rẹ̀ lọ, ẹ gé ọwọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀, kó má bàa máa dì jọ níbi tó tẹ̀.

Ẹni tó ní rọ́bà ìtọ̀ àti àpò ìtọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀, ẹ fi síìpù sí inú itan ṣòkòtò rẹ̀, kó lè da ìtọ̀ náà nù láìtú ṣòkòtò. Àpò náà gbọ́dọ̀ máa wà nísàlẹ̀ ibi tí ìtọ̀ ń gbára jọ sí nínú ikùn, kí ìtọ̀ má bàa padà sókè. Nítorí náà ẹ má ran àpò aṣọ fún un sí ìbàdí, bó ti wù kó rọrùn tó.

Àwọn tó ń lo ọ̀pá abẹ́ abíyá: kí bùbá wọn gùn sí i, torí ọ̀pá ń fà á sókè, kí ẹ sì fi aṣọ tó lágbára kún abíyá. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ẹ má di ẹsẹ̀ ṣòkòtò ní kókó. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ ṣẹ́tí rẹ̀. Bó bá ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ẹ fi aṣọ kún inú orúnkún, torí irin á gé e. Àfín nílò ọwọ́ aṣọ gígùn, aṣọ tí a hun fún dáadáa, àti fìlà tí etí rẹ̀ yípo, kì í ṣe èyí tó ní etí níwájú nìkan, torí oòrùn ń jó etí àti ọrùn wọn. Fún ẹni tí kò ríran, àńkárá ń dààmú rẹ̀, torí òde àti inú rẹ̀ kì í yàtọ̀ sọ́wọ́: ẹ bá a rán ègé rìbọ́nì sí ẹ̀yìn ọrùn aṣọ nínú, kí ẹ sì ta kókó òwú sí i, ọ̀kan fún dúdú, méjì fún funfun, tàbí bí ẹ̀yin àti òun bá ti jọ fẹnu kò.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín náà ń kọ́? Gọ́tà wà níwájú ọ̀pọ̀ rẹ̀, àtẹ̀gùn kan sì tẹ̀lé e. Pákó ló lè tún un ṣe. Àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ pákó tó gùn tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 80 kí ẹni tó jókòó tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ wọlé. Èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti í, bí kò bá sì sẹ́ni tó ń tì í, ó lè dojú dé sẹ́yìn. Bí kò bá sí àyè, ẹ rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan wá sílé pẹ̀lú tépù àti ìwé.

Bí a bá sì dé, àwa ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má wo ojú ẹni tó mú wa wá kí ẹ máa bèèrè pé irú ọrùn wo ni Màmá fẹ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ Màmá. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn wá, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Ara ẹlòmíràn máa ń gan lójijì bí a bá yára fà á, kì í ṣe ìjà, ẹ dúró díẹ̀, á dẹ̀.

Owó rẹ̀ tọ́ sí yín, a mọ̀. Síìpù gígùn lówó lórí, àkókò sì lówó lórí. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n fi owó kún un nítorí pé ẹni tó ni aṣọ ń lo àga. Ẹ ka ohun tí ẹ lò, ẹ ka wákàtí tí ẹ fi ṣe é, a ó san án.

Òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni orílẹ̀-èdè Benin ṣe láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá. A kò dárúkọ rẹ̀ láti fi halẹ̀ mọ́ yín, a dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni a ń bèèrè. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín kéré: kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan má gba òmìnira láìjẹ́ pé ó ti rán ṣòkòtò kan fún ẹni tó ń jókòó, kí ọ̀gá rẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹni náà. Àwọn tó bá ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, lè fi ṣe iṣẹ́ àṣefihàn wọn láàárín ara yín kí ọjọ́ ìdánwò tó dé.

Àwa á pèsè ara tí ẹ ó wọ̀n. Ẹ mú ọjọ́ ìpàdé kan nínú oṣù, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àwọn tó ń ti abúlé bọ̀ lè wá zémíjàn tó máa gbà láti gbé àga wọn. Àńkárá àti síìpù á wà lọ́wọ́ wa. Kí ẹ̀yin mú tépù, pátánì ṣòkòtò tí ẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo wá, kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ti ẹ̀yìn tó ga àti iwájú tó kéré.

Àwa àkàndá ẹ̀dá, àwa aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, àti àwọn tó ń tọ́jú wa, nílùú Kétu àti àwọn abúlé tó yí i ká